Bébà Dúdú Lójú Ìmọ́lẹ̀

Fawziyyah tún fi bébà dúdú bo ojú ìmọ́lẹ̀ náà pátápátá, ó tẹ bọ́tìnì tó ń tàn án. Ìlà ojú kọ̀ǹpútà tún fò sókè.

Kò yẹ kó fò. Láàárín ṣóńṣó wúrà méjì tí ojú lásán ò lè rí ni mólékù kan ṣoṣo wà, tí iná mànàmáná díẹ̀ ń gba ara rẹ̀ kọjá. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án, yóò yí padà, iná náà yóò sì lé sí i, ìlà ojú kọ̀ǹpútà yóò wá fò. Ohun tó ti ń kọ sílẹ̀ láti oṣù mẹ́jọ nìyẹn nínú láàbù wọn ní Bárígà. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ kankan ò kàn án báyìí.

Bàbá rẹ̀, Àlàájì Ràmọ́nì tó ń tẹ̀wé ní Ṣómólú, ló dà á lọ́kàn rú lánàá. Fawziyyah ń fi ìlà náà yangàn fún un, ni bàbá bá bèèrè bóyá ó ti bo ìmọ́lẹ̀ rí. Ó ní kí àwọn tó gbé pléètì tí wọ́n fi ń tẹ̀wé síwájú ìmọ́lẹ̀, àwọn a máa bo igun rẹ̀ kan. Bí igun náà bá yí padà, kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ ló ṣiṣẹ́. Fawziyyah rẹ́rìn-ín nígbà yẹn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Bámilóyè, ọ̀gá rẹ̀, wọlé. Aago mẹ́rin ni ẹ̀dà ìkẹyìn ìwé ìwádìí wọn fẹ́ lọ sọ́dọ̀ ìwé àtìgbàdégbà tó máa gbé e jáde. Fawziyyah fi ohun tó rí hàn án.

"Ta ló ní kó o lọ bò ó?"

"Bàbá mi ni, sà. Atẹ̀wé ni wọ́n."

"Ẹni tó ń tẹ káàdì ìgbéyàwó ló wá ń kọ́ wa níṣẹ́."

Ó ní àwọn tó yẹ ìwé náà wò ò bèèrè irú èyí; kí wọ́n fi ránṣẹ́ ná. Ó rán an létí pé orúkọ Fawziyyah ló ṣáájú nínú ìwé náà, pé láìsí ìwé yìí, ó kéré tán, ọdún kan ni oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ yóò fi sún síwájú.

Fawziyyah dìde. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ yọ orúkọ mi kúrò níbẹ̀."

Ọ̀gá náà sún mọ́ kọ̀ǹpútà. "Tún un ṣe lójú mi."

Ó tún un ṣe. Ìlà fò. Ọ̀gá ní kó tún un ṣe. Ó tún fò. Lẹ́ẹ̀kẹta, Ọ̀jọ̀gbọ́n bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi kọ́ sẹ́yìn àga, ó ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì sókè.

"Wáyà bọ́tìnì yẹn ni màá kọ́kọ́ fura sí; bóyá iná tirẹ̀ ló ń mú ìlà náà fò," ló wí. "Síkúrúdíráfà dà?"