Ọwọ́ Akínkúnmi Tí Ẹgbẹ́ Gbé Sókè

Ní ọjọ́ tí ayùn gé ìka Akínkúnmi, kò ké. Àwọn tó wà níbẹ̀ ló ké. Òun kàn dúró síwájú ẹ̀rọ ìlagi bí ẹni tí wọ́n ní kó máa retí nǹkan, ó ń wo bí ìyẹ̀fun pákó ṣe ń pọ́n lẹ́sẹ̀ rẹ̀, títí Babáfẹ́mi tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi sáré wá pa ẹ̀rọ, tó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀, tó sì fi wé ọwọ́ náà. Ìka mẹ́rin ló lọ ní ọwọ́ ọ̀tún. Àtàǹpàkò nìkan ló ṣẹ́kù.

Ìkẹ́rẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, nígbà tí ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró, tí ilé ń yọ lọ́tùn-ún lósì ní Adó, tí gbogbo ẹni tó ń kọ́lé sì ń wá pákó. Ilé ìlagi Alàgbà Dáramọ́lá wà lójú ọ̀nà tó jáde sí Ìṣẹ̀, ọkọ̀ agbégẹdú kì í sì í dá lẹ́nu géètì rẹ̀. Iṣẹ́ pọ̀ débi pé Alàgbà fúnra rẹ̀ wá bá wọn nídìí ẹ̀rọ lọ́jọ́ kan, ó ní kí wọ́n yọ irin tó bo ẹnu ayùn kúrò, nítorí igi ńlá kì í gba abẹ́ rẹ̀ kọjá kíákíá. Babáfẹ́mi fi sípánà tú u. Akínkúnmi bá a di irin náà mú kó má bàa já lù ú lẹ́sẹ̀. Wọ́n gbé e ti ògiri, wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí òjò ọdún náà ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni ayùn náà mú Akínkúnmi lọ́wọ́.

Ní ọsibítù ní Adó, nọ́ọ̀sì bi í bóyá ó ń dùn ún. Ó ní rárá. Nọ́ọ̀sì yìn ín pé akọni ni. Kì í ṣe ìgboyà kankan. Ó dà bíi pé wọ́n gbé ọwọ́ ẹlòmíì lé e lẹ́sẹ̀ pé kó bá àwọn tọ́jú rẹ̀. Wúràọlá ìyàwó rẹ̀ jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, ó ń sunkún, ó ń nu imú. Akínkúnmi ń wò ó, àánú rẹ̀ ń ṣe é bí àánú ìyá kan téèyàn rí lójú ọ̀nà.

Alàgbà wá kí i, ó gbé búrẹ́dì àti mílíìkì dání.

“Akínkúnmi, pẹ̀lẹ́ o. Àmọ́ ìwọ náà, ó yẹ kó o ṣọ́ra.”

“Ẹ ṣé, sà,” ni Akínkúnmi wí.

Ìgbà tó dé ilé ni Babáfẹ́mi wá bá a. Ọjọ́ pẹ́ tí Babáfẹ́mi ti ń sọ pé kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlagi dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, àmọ́ ẹ̀rù Alàgbà ń ba kálukú. Bí ìbà bá dá ẹnì kan dúbúlẹ̀, ẹlòmíì ni wọn yóò fi rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá sì ṣàròyé, wọn á ní kó máa lọ.

“Ẹ̀gbọ́n,” ni Babáfẹ́mi wí, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀, “ẹ̀rù kò ba àwọn òṣìṣẹ́ mọ́ báyìí. A fẹ́ kí ẹ wá sí ìpàdé. Ẹ ò ní sọ nǹkan kan. Kí wọ́n ṣáà rí yín.”

“Mo gbọ́,” ni Akínkúnmi fèsì.

Wúràọlá kò fẹ́. “Bàbá Ìfẹ́dayọ̀, ẹ ò tíì san. Ẹ jókòó sí ulé.” Ṣùgbọ́n ilé àti ìpàdé, bákan náà ni wọ́n rí lójú Akínkúnmi. Ó wọ bàtà, ó lọ.

Kíláàsì ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ni wọ́n ti pàdé, àwọn géńdé ọkùnrin ká orúnkún sórí àga àwọn ọmọdé. Babáfẹ́mi sọ̀rọ̀ títí, lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ Akínkúnmi sókè, pẹ̀lú báńdéèjì rẹ̀. Ariwo sọ. Àwọn kan dìde, àwọn kan ń lu tábìlì, orin ìṣọ̀kan gba gbogbo kíláàsì. Akínkúnmi ń ro ó bóyá òun ti ilẹ̀kùn ilé ewúrẹ́ kí òun tó jáde.

Láti ìgbà náà, kò sí ìpàdé tí wọn kì í mú un lọ, wọn á sì gbé ọwọ́ náà sókè níbẹ̀. Nígbà tí báńdéèjì kúrò, ariwo náà tún pọ̀ sí i. Kò bí i nínú. Kò sì dùn mọ́ ọn.

Ẹgbẹ́ àpapọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n dara pọ̀ mọ́ rán obìnrin kan wá láti Adó, Màdáámù Felicia, obìnrin kúkúrú tí ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè. Ó bá wọn sọ̀rọ̀ ní ìjókòó.

“Bí ẹnì kan ṣoṣo bá lọ bá ọ̀gá, ẹ̀bẹ̀ ló lọ bẹ̀,” ni ó wí. “Bí gbogbo yín bá jọ lọ, ó di ọ̀rọ̀ tí a máa jókòó sọ.”

Nígbà tí ìpàdé tú, ó wá bá Akínkúnmi níbi tó dúró sí.

“Bàbá, kí ni ẹ̀yin fúnra yín ń fẹ́?”

Kò tíì sí ẹni tó bi í bẹ́ẹ̀ rí. Akínkúnmi wá ìdáhùn nínú ara rẹ̀, kò rí nǹkan kan níbẹ̀.

“Mi ò mọ̀, Màdáámù.”

“Kò burú. Tí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ sọ fún mi.”

Wọ́n kọ̀wé sí Alàgbà, kò dá wọn lóhùn. Bí wọ́n ṣe yanṣẹ́ lódì nìyẹn. Wọ́n jókòó sẹ́nu géètì pẹ̀lú ewé lọ́wọ́, àwọn ọkọ̀ agbégẹdú ń dé, wọ́n ń yí padà. Ilé ìlagi dákẹ́ débi pé wọ́n ń gbọ́ igbe ẹyẹ nínú rẹ̀. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ra pákó níbòmíì. Nígbà tó yá, Alàgbà gbà láti jókòó níwájú òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́.

Inú ọ́fíìsì Alàgbà ni wọ́n jókòó sí. Alàgbà kò pariwo. Ó kàn yíjú sí Akínkúnmi.

“Ìwọ ni mo fẹ́ bi. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ́, o ò ní purọ́. Ayùn tí mo rà ní ìbòrí. Ta ló yọ ọ́?”

Akínkúnmi rí bí òógùn ṣe bo iwájú orí Babáfẹ́mi. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló mọ̀ pé bí orúkọ ẹnì kan bá jáde, ọrùn ẹni náà ni gbogbo rẹ̀ máa wà.

“Àwa la yọ ọ́, sà,” ni Akínkúnmi wí.

“Àwa wo?”

“Àwa òṣìṣẹ́. Ẹ̀yin lẹ ní ká yọ ọ́. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ gẹdú ìrókò nídìí ẹ̀rọ, ẹ ní irin náà ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. A bá yọ ọ́.”

Ohùn rẹ̀ tẹ́jú bí ẹni tó ń júwe ọ̀nà ọjà. Òṣìṣẹ́ ìjọba bi Alàgbà bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Alàgbà ń wo ojú fèrèsé. Ó ní, “Ìgbà yẹn, iṣẹ́ pọ̀ ni.”

Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti fẹnu kò: irin yóò bo gbogbo ayùn, ilé ìlagi ni yóò máa tọ́jú ẹni tó bá fara pa, wọn kò ní lé ẹnikẹ́ni nítorí ẹgbẹ́, Akínkúnmi yóò sì gba owó tí òfin là sílẹ̀ fún ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, yóò sì máa ṣọ́ géètì.

Níta, Babáfẹ́mi dì mọ́ ọn, ó ń sunkún.

“Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo di sípánà mú. Ẹ ì bá ti sọ orúkọ mi.”

“Èmi náà di irin mú,” ni Akínkúnmi wí. Ó fi ọwọ́ òsì gbá a lẹ́yìn jẹ́jẹ́, nítorí ó mọ̀ pé ohun tó yẹ kéèyàn ṣe nìyẹn. Ó dúró kí nǹkan ru sókè nínú òun náà, ẹkún tàbí ayọ̀. Nǹkan kan kò ru sókè.

Wọ́n fẹ́ fi í ṣe igbákejì alága ẹgbẹ́. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun jókòó. Ní ọjọ́ tí wọ́n de àwọn ìbòrí tuntun, wọ́n pè é kó wá wò ó. Ó wò ó, ó ní ó dáa, ó padà sí géètì.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Wúràọlá gbé uṣu àti ẹ̀fọ́ síwájú rẹ̀, ó ti gé uṣu náà wẹ́wẹ́ kó lè rọ ọwọ́ òsì lọ́rùn.

“Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ gba gbogbo wọn là,” ni ó wí. “Ṣé inú yín dùn?”

Akínkúnmi jẹun díẹ̀ kó tó dáhùn.

“Mo rò pé ó yẹ kó dùn.”

Wúràọlá bu omi fún un, ó jókòó tì í títí ó fi jẹun tán.