Nọ́ọ̀tì Tí Kò Tíì Le

Bí ẹ bá rí Láwàlì fítà, ẹni tó ń tún mọ́tò ṣe, nígbà tí ìyá ìyàwó rẹ̀ bá dé, ẹ ó rò pé ààfin ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Àlàájà Ràfíátù ti Kùmásí ni àna rẹ̀, obìnrin tí kì í pariwo, ṣùgbọ́n tó bá wo èèyàn lẹ́ẹ̀kan, onítọ̀hún á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tó ti ṣẹ̀. Láwàlì bẹ̀rù rẹ̀ ju ọlọ́pàá lọ.

Láàárọ̀ Sátidé yìí, ó ń pààrọ̀ ṣáàfù, irin tó ń yí táyà, lára mọ́tò kékeré tí Àkànkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ń wà. Ó ti pẹ́ tí mọ́tò ọ̀hún ti ń dún kà-kà-kà tí wọ́n bá yà ní kọ́nà. Rọ́bà tó bo orí ṣáàfù ti ya, gírísì inú rẹ̀ ti dà nù, yanrìn Madina, àdúgbò wọn ní Accra, ló rọ́pò rẹ̀. Láwàlì yọ ti àtijọ́, ó ti èyí tó dára wọnú gíà títí ó fi dún kó. Ó fi ọwọ́ lásán yí nọ́ọ̀tì ńlá tó di ṣáàfù mú mọ́ ẹsẹ̀ mọ́tò, ó sì sọ mọ́tò kalẹ̀ kúrò lórí jáàkì. Ẹni tó mọ iṣẹ́ mọ̀ pé a kì í fún nọ́ọ̀tì yẹn le nígbà tí mọ́tò wà lókè, táyà á kàn máa yí ni. Ó dìgbà tí táyà bá tẹlẹ̀ kí a tó fi páìpù gígùn fún un, kí a wá fi píìnì há a kó má baà tú.

Páìpù ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí Àlàájà sọ̀ kalẹ̀ nínú takisí.

Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Accra, tí àwọn ará ìlú ń pè ní Alata, tó sì fẹ́ kí àna mọ̀ pé wọ́n kọ́ òun nílé, kí ni kó ṣe? Ó ju páìpù sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ olóòyìlì. Àlàájà bẹ̀rẹ̀ àdúrà, àdúrà tirẹ̀ kì í sì í tán bọ̀rọ̀. Nígbà tí Àlàájà jẹ́ kó dìde, ó tún sáré lọ ra omi tútù fúnra rẹ̀, nítorí kò lè rán ẹlòmíì ní omi àna.

Ó padà dé, kò bá mọ́tò.

“Ìyàwó ẹ gbé ọmọ dé bí o ṣe yà, òun àti Màmá ti lọ,” ni Abdul-Rahim, fọkanáísà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wí. “Wọ́n ní ìkómọ ń dúró dè wọ́n ní Dansoman. Wọ́n rí i pé mọ́tò ti wà nílẹ̀, wọ́n gbé Sherifa sẹ́yìn, wọ́n lọ.”

Láwàlì wo ilẹ̀. Páìpù rèé. Píìnì rèé. Yéè! Omi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Sherifa, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tàgétàgé! Bí nọ́ọ̀tì yẹn bá tú lórí eré, ẹsẹ̀ mọ́tò á gba ibi tó wù ú lọ. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Òun Láwàlì sì ni ikú ilé lónìí.

Ó pe Àkànkẹ́, kò gbé e. Àkànkẹ́ kì í gbé fóònù tó bá ń wakọ̀. Ó ku nọ́ńbà Àlàájà. Ẹ wá wo ìwà wèrè: ìka ọkùnrin yìí dúró lókè nọ́ńbà náà! Kí ló fẹ́ wí? Pé mọ́tò tí kò tíì tán ni wọ́n gbé lọ? Ojú ń tì í, ọmọ rẹ̀ sì ń sáré lọ lórí títì. Ẹ̀mí ò láàrọ̀ o! Ó tẹ̀ ẹ́.

“Ọkọ wa, a ò rí ọ mọ́ ká tó lọ. Ṣé kò sí...”

“Màmá, ẹ ní kó dúró! Ẹ ní kó dúró!”

“Ta lò ń pariwo mọ́? Ṣé èmi?”

“Ẹ panu mọ́, kẹ́ ẹ ní kó dúró!”

Fóònù kú.

Ó fò sẹ́yìn ọ̀kadà, páìpù lábíyá, píìnì lápò, sípánà lọ́wọ́. Gbogbo ibi tí èrò bá ti pọ̀ díẹ̀ létí títì ló ń rò pé òkú wọn ni wọ́n ń wò. Ọlọ́kadà ní kó dì mọ́ òun dáadáa. Ó fẹ́ gbàdúrà, kò rántí ọ̀rọ̀ kan.

Ní Okponglo ló ti rí mọ́tò náà létí ọ̀nà. Àlàájà dúró síta, ojú rẹ̀ le koko.

“Èmi ni mo ní kó dúró, kí n lè sọ̀ kalẹ̀,” ló wí. “Mi ò lè jókòó sínú mọ́tò ẹni tó ní kí n panu mọ́.”

Láwàlì kúnlẹ̀ ti táyà, ó na ìka kan sí nọ́ọ̀tì náà. Nọ́ọ̀tì yí lẹ́ẹ̀kan, ó bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Àkànkẹ́ figbe ta. Láti oríta Atomic ni mọ́tò ti ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀.

“Kí ló dé tí o ò sọ nígbà tí mo dé?” Ohùn Àlàájà ti wálẹ̀.

“Màmá, mo ń kí yín ni.”

“O ń kí mi.” Àlàájà wo ọmọ tó ń sùn lẹ́yìn mọ́tò, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ létí títì, tòun ti aṣọ ìnáwó lọ́rùn.

Láwàlì fi gbogbo ara fún nọ́ọ̀tì náà le, ó há píìnì, ó tẹ ẹnu rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó tún un yẹ̀ wò.

“Ó ti le báyìí,” ló wí. “Ẹ wọlé, n ó gbé yín lọ.”

Kò sẹ́ni tó wọlé. Àkànkẹ́ pọn Sherifa, ó so ọ̀já le, ó fa ìyá rẹ̀ dìde, ó sì nawọ́ sí bọ́ọ̀sì trotro kan tí méètì rẹ̀ tó ń gbowó ọkọ̀ ń pe èrò “Circ! Circ!” Kò bú ọkọ rẹ̀, kò wojú rẹ̀. Láwàlì nìkan ló wa mọ́tò padà sí Madina, ó ń rọra wà á létí títì, ẹ̀rù sì ń ba òun náà.