Pupa Tí Kò Jẹ́ Kí A Rí Ìyá

Ẹni tó dá ojú kò dá a láti wo gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí àfòpiná ti í wá iná, bẹ́ẹ̀ ni ojú ọmọ aráyé í sáré lọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ gbé pọ̀, tàbí ibi tí àwọ̀ kan bá ti ta kété sí àwọn yòókù. Ayàwòrán kan mọ òfin yìí bí ẹní mowó. Síbẹ̀, òfin náà gbé e ṣubú.

Ìyá rẹ̀ ló ń yà. Àbíkẹ́yìn ni ayàwòrán, ìyá kú kí ó tó dá ojú rẹ̀ mọ̀, kò sì sí fọ́tò kankan. Ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ẹni àádọ́rin ọdún tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀, ló ti gba ìrísí ìyá: ìpéǹpéjú, imú, aṣọ pupa tí ìyá fi ń pọ̀n ọ́n. Bí ojú ẹ̀gbọ́n bá ṣú tán, kò tún sí ẹni tí yóò jẹ́rìí pé ìyá nìyí.

Ìṣe rẹ̀ ni, bí iṣẹ́ bá parí, kí ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán, kí ó máa wo ojú àwọn tó ń wò ó. Télọ̀ tó jẹ́ aládùúgbò rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé.

“Háà! Aṣọ yìí mà pupa o! Ṣé kì í ṣí?”

“Ojú ìyá mi ńkọ́?”

“Ojú kẹ̀? Aṣọ yẹn ò jẹ́ n ráyè dé ibẹ̀.”

Ẹni mẹ́jọ ló wọlé lọ́jọ́ náà. Ojú àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló bá aṣọ lọ. Lẹ́yìn wọn ni ẹ̀gbọ́n dé, ó sún mọ́ àwòrán náà títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọ̀dà.

“Ìwọ ọmọ yìí, ta ló pa ẹran sẹ́yìn ìyá mi?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ ní pupa.”

“Mo ní pupa, ṣé mo ní ẹ̀jẹ̀ ni? Pupa bí amọ̀ ìkòkò! Ọgbọ́n ẹ ò kúkú bá irùngbọ̀n ẹ dàgbà.”

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ogún àwọ̀ ló wà níkùn rẹ̀. Èyí tó pariwo jù ni ayàwòrán mú. Ó fi àwọ̀ amọ̀ bo ẹ̀jẹ̀ náà, ó sọ ògiri ẹ̀yìn di dúdú, ó sì fi ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín sí ìpéǹpéjú ìyá nìkan. Ó tún ké sí ẹ̀gbọ́n.

Lọ́tẹ̀ yìí, ojú àgbà náà kò lọ síbi aṣọ. Ó gòkè, ó bà lé ìpéǹpéjú, ó sì dúró.

“Imú yẹn gùn díẹ̀. Ṣùgbọ́n òun nìyẹn. Bó ṣe máa ń wò mí nìyẹn tí mo bá purọ́.”

Ní ọdún kejì, ojú ẹ̀gbọ́n ṣú pátápátá. Àwòrán náà wà ní pálọ̀ rẹ̀ títí ó fi kú. Ọwọ́ àkọ́bí rẹ̀ ló wà báyìí. Télọ̀ kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ayàwòrán di olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ kan, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní àwòrán yíyà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.