Fítámì Tí Mo Lá ní Kọ̀rọ̀

Èmi ni mo kọ́kọ́ ya wèrè. Ẹ jẹ́ kí n yáa fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́. Ìyá àgbà tí ìdí rẹ̀ kún àga bámúbámú bíi tèmi, mo ń sá wọ balùwẹ̀ lọ lá fítámì bí ọmọdé tó jí súgà.

Ọmọbìnrin mi ló ń ṣe ìwádìí nípa ohun tó ń mú ara gbó. Ó ní afẹ́fẹ́ tí à ń mí, tó ń gbé wa ró, òun náà ló ń mú inú ara dógùn-ún bí irin inú òjò, àti pé ó lọ́wọ́ nínú àìsàn ọwọ́ gbígbọ̀n. Ó wá ṣe oògùn kan tó yẹ kó dènà rẹ̀. Àwa arúgbó díẹ̀ la gbà láti máa lò ó. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wa ṣáájú, wọ́n tún gbà á lẹ́yìn. Òfin kan ṣoṣo ló ṣe fún wa: a ò gbọdọ̀ lo fítámì kankan mọ́ ọn, torí fítámì pàápàá ń lé ìdógùn-ún, a ò sì ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì.

Ẹ wo ẹni tó lọ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún! Kí ojú má bàa ti ọmọ mi tí oògùn rẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́ ni mo ṣe ń lá fítámì tó dùn bí ọsàn. Mo tún ń pín in fún àwọn arúgbó ẹgbẹ́ mi lórí bẹ́ńṣì tí a ti ń dúró gba oògùn. "Ẹ lá a, kò ní pa yín." Gbogbo wa ń lá, à ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀jẹ̀ wa dára, ìròyìn sì kàn. Àbúrò mi ọkùnrin, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé ìdajì tíì ló ń dé ẹnu rẹ̀, gbọ́. Ló bá da oògùn ọsìbítù rẹ̀ nù, ó ní ti ọmọ wa lòun ń dúró dè. Ẹ̀rín tán lẹ́nu mi.

Mo mú un dání lọ sí yàrá ìwádìí. Mo fi í sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo wọlé. Mo fẹ́ kúnlẹ̀ fún ọmọ tí mo bí, orúnkún mi ló kọ̀.

"Fítámì ni," mo wí. "Èmi ni mo pín in. Bá mi jà, ṣùgbọ́n sọ fún àbúrò mi kó padà sídìí oògùn rẹ̀."

Kò bá mi jà. Ó rọra ti ilẹ̀kùn fìríìjì tó ń to ìgò ẹ̀jẹ̀ sí.

"Mọ́mì, mo ti mọ̀. Ó hàn kedere nínú ẹ̀jẹ̀ yín."

"O mọ̀? Láti ìgbà wo?"

"Kí n tó gbé èsì náà jáde."

Mo fọwọ́ wá àga, mi ò rí. "O mọ̀, o sì sọ fáyé pé oògùn rẹ ló ṣe é?"

"Tí mo bá yọ yín kúrò nínú èsì náà, kò sóhun tó kù. Wọ́n á ti yàrá yìí pa. Oògùn náà máa padà ṣiṣẹ́, Mọ́mì. Ẹ ṣáà fún mi láyè díẹ̀."

Ọmọ tí mo nà torí pé ó purọ́ pé òun ti fọ ẹnu! Gbogbo ìgbà yìí, mo rò pé èmi ni mo tàn án jẹ. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, inú ẹ̀fọ́ ló ń gbé. Mo wò ó títí. Imú mi gan-an ló wà lójú rẹ̀.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ìjókòó ti sú àbúrò mi. Ó fi ọwọ́ kan di èkejì mú kó má bàa gbọ̀n, ó ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ mi.

"Dókítà wa, ẹ̀gbọ́n mi yìí, tó bá rí alángbá, á ní ọ̀nì lòun rí. Ṣùgbọ́n ìwọ kì í purọ́ fún mi. Ṣé oògùn náà ń ṣiṣẹ́?"