Dùùrù Tí Kì í Bo Àṣírí

Ìka kẹrin ọwọ́ ọ̀tún Fọlá tún kọ iṣẹ́. Ó fi tipátipá tẹ̀ ẹ́ mọ́ dùùrù, ìrora sì gun apá rẹ̀ dé ìgúnpá, síbẹ̀ ohùn tó jáde mọ́ gaara, bí ẹni pé ara dá ṣáṣá. Kò sẹ́ni tó fura nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta dùùrù náà.

“Èyí ni kẹ́ ẹ mú, Mọ́mì.” Shamsudeen tó ni ọjà ń pariwo kí jẹnẹrétọ̀ má baà borí rẹ̀. “Àwọn tó ṣe é ro ti ẹni tí kò mọ dùùrù tẹ̀ rárá. Ẹ fi ìka kan kàn án, á bá yín lu ìlù, á bá yín fọn fèrè.”

“Ṣé á bá wa san ìdámẹ́wàá náà?” ni Díákónì Jonathan, tí ìjọ ní kó bá Fọlá wá, bi í.

“Ẹ̀gbọ́n, mùsùlùmí ni mí o. Ẹ má kó mi sí ọ̀rọ̀ yín.”

Fọlá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Láti ìgbà ọmọge ló ti ń tẹ dùùrù fún ìjọ wọn ní Ìwó. Dùùrù àtijọ́ ti dákẹ́ báyìí, ìjọ sì ní kó wá yan òmíràn. Kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni pé ọwọ́ òun ń kú lọ. Bó bá sọ ọ́, wọ́n á fi Kúnmi, tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ ní dùùrù, rọ́pò rẹ̀. Bó bá sì dìde lórí àga yẹn, ta ni yóò tún jẹ́?

Ó wo dùùrù méjèèjì tí Shamsudeen gbé síwájú rẹ̀. Àwọn tó ṣe tọwọ́ òsì yìí, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀, kó bọ́tìnnì sí i lójú bí ẹni gbin àgbàdo. Àwọn kíì tí ìka ń tẹ̀ lára rẹ̀ fúyẹ́. Bóo gbá a, bóo rọra fọwọ́ bà á, bákan náà ni yóò dún. Àwọn tó ṣe tọwọ́ ọ̀tún kò ṣe ojú rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ kankan. Kíì rẹ̀ wúwo. Inú ni wọ́n ṣe làálàá sí, kó lè gbọ́ bí ọwọ́ ṣe bà á: ọwọ́ líle, ohùn líle, ọwọ́ tó rọ, ohùn tó rọ.

Àwọn tibí ṣàánú ẹni tó ti rẹ̀, Fọlá rò ó. Àwọn tọ̀hún fẹ́ gbọ́ òótọ́. Pẹ̀lú ti òsì yìí, ó lè fara pamọ́ títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ gbogbo ni tolè.

“Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìkejì,” ni Díákónì wí, ẹni tí ẹgbẹ́ akọrin máa ń bẹ̀ pé kó jọ̀ọ́, kó rọra kọrin.

Fọlá sún àga. Orin tí wọ́n fi ń parí ìsìn alẹ́ ló tẹ̀. Ní ìlà kejì, ìka kẹrin bọ́ sílẹ̀, ohùn sì rì, bí ẹni tẹsẹ̀ bọ kòtò. Kò dúró. Ó tún dé ibẹ̀, ó tún rì.

“Ṣẹ́ ẹ rí i?” ni Shamsudeen wí. “Ó le jù.”

Díákónì ti ṣí fìlà rẹ̀.

“Mọ́mì, ṣé ó ti pẹ́ tó ti ń dùn yín?” ló bi Fọlá.

Fọlá la ẹnu láti ní rárá. Ìka náà ń gbọ̀n lórí kíì, dùùrù sì ń bá a gbọ̀n, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

“Ó ti pẹ́.”

Ó rọra dìde. “Shamsu, bá wa di èyí.”

Lẹ́yìn náà ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà, ó kó ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó ń rò ó bí orin ṣe máa ń dún létí ẹni tó jókòó sẹ́yìn nínú ìjọ.