Gbé Ọwọ́ Lé E, Pe Orúkọ Rẹ̀

Ọkọ mi kò wọ bàálù rí láyé rẹ̀, síbẹ̀ kápútẹ́nì ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín títí nígbà kan, kí ẹ̀rín tó gbẹ lẹ́nu mi.

Iṣẹ́ iná mànàmáná ló ṣe fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n kó tó fẹ̀yìntì, Bàbá Oníná sì ni gbogbo oníbàárà ń pè é. Nínú gbogbo ọdún yẹn, iná kò gbé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò lo oògùn kankan. Kó tó gé wáyà, á gbé ìka lé ara rọ́bà rẹ̀, á pe orúkọ rẹ̀ sókè, á dákẹ́ díẹ̀, ìgbà náà ló máa tó gé e. "Pupa, ti ilé ìdáná." Á dákẹ́. Á gé e. Nígbà tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra wa, mo rò pé orí rẹ̀ kò pé ni. Ọkùnrin tó ń bá wáyà sọ̀rọ̀!

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe kọ́ ọmọ wa. Ọmọ kan ṣoṣo la bí, ọkùnrin. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kọ́kọ́ fi píláyà lé e lọ́wọ́, tó ní, "Gbé ọwọ́ lé e, pe orúkọ rẹ̀, kó o tó gé e. Ọwọ́ máa ń yá ju ojú lọ. Ẹnu ló ń dá a dúró."

Ọmọ náà gbọ́, ṣùgbọ́n òkè ló ń wò. Nígbà tó máa fi jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, ó ti sọ yàrá rẹ̀ di bàálù: kọ̀ǹpútà ńlá, ọ̀pá ìdarí, ọ̀pá ẹ́ńjìnnì méjì tó dúró ti ara wọn, pẹ́dà nísàlẹ̀ tábìlì. Ó forúkọ sílẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan tó jẹ́ pé orí kọ̀ǹpútà nìkan ló wà. Wọ́n ní ọ̀gá, wọ́n ní oyè, wọ́n ní àkókò ìgbéra, wọ́n tilẹ̀ ní ìwé ìkìlọ̀ fún ẹni tó bá pẹ́ lẹ́yìn. Ohun tí wọn kò ní kò ju bàálù lọ. Ibẹ̀ ló ti gun òkè títí tó fi di awakọ̀ bàálù gidi lójú ayé. Kí n má purọ́, mo fi ọmọ náà yangàn. Kò sí ẹni tó bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ mi tí kò gbọ́ iṣẹ́ tí ọmọ mi ń ṣe.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òun àti igbákejì rẹ̀ gbé èrò mẹ́rìnlá gbéra. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta tí bàálù náà já. Ẹnì kankan kò yè.

Oṣù mẹ́wàá lẹ́yìn náà, àwọn olùwádìí gbé àbọ̀ wọn jáde. Ẹ́ńjìnnì ọ̀tún ló kú. Ìyẹn nìkan kò tó pa ẹnikẹ́ni, nítorí bàálù náà lè fi ẹyọ kan fò. Ohun tó yẹ kí awakọ̀ ṣe ni kó yára pa èyí tó bàjẹ́, kó má baà fà wọ́n sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án, ọmọ wa nawọ́ mú ọ̀pá òsì, ó sì pa èyí tó dára. Ohùn igbákejì rẹ̀ wà nínú ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀: "Ṣé òsì ni?" Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbàgàdà pé àṣìṣe awakọ̀ ni. Wọ́n ní ẹbí tí kò bá fara mọ́ àbọ̀ náà ní oṣù mẹ́fà láti kọ̀wé ta kò ó, kí wọ́n sì fi ẹ̀rí tì í lẹ́yìn.

Àwọn àgbà ní kí ọmọ ẹni kú sàn ju kó nù lọ. Wọn kò sọ ohun tí a máa ṣe sí ọmọ tó kú, tí orúkọ rẹ̀ tún wá nù. Obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ wà nínú bàálù yẹn bá mi lórí ìlà ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó yọ ara rẹ̀ kúrò lórí ìlà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ì bá bú mi, ì bá sàn.

Ọjọ́ tá a ka àbọ̀ náà tán ni ọkọ mi ṣí yàrá ọmọ.

"Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án," ló wí. "Ta ló lè ronú nínú ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án? Màá gbé bàálù yẹn fúnra mi lórí kọ̀ǹpútà yìí. Màá gbé e lẹ́ẹ̀mejì, màá gbé e nígbà ogójì, màá sì fi hàn wọ́n pé kò sí ẹ̀dá Ọlọ́run tó lè gbé e balẹ̀."

"Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tí òòyì ń kọ́ tẹ́ ẹ bá gun àkàbà ju ìpele mẹ́fà lọ?"

"Èmi ni."

Kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà yẹn kì í fi irú bàálù bẹ́ẹ̀ lé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ́wọ́. Ó gbọ́dọ̀ fo àádọ́jọ wákàtí, kó yege ìdánwò mẹ́ta, kó sì gba oyè kápútẹ́nì. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ mi ṣe di ọmọ iṣẹ́ ní ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin. Bàálù kékeré ẹlẹ́ńjìnnì kan ni wọ́n kọ́kọ́ fún un, kó máa fi kó lẹ́tà. Lẹ́tà tí kò sẹ́ni tó kọ ọ́, sí ìlú tí kò ní í sọ̀ kalẹ̀ sí. Á wẹ̀ láàárọ̀, á wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó lọ̀, á jókòó. Nígbà tí wọ́n fún un ní èrò, ó ti wá di onírẹ̀lẹ̀. Tó bá pẹ́ kó tó gbéra, màá máa gbọ́ ọ látinú ilé ìdáná: "Ẹ dákun, ẹ̀yin èrò wa, ẹ má bínú."

Èmi á ké sí i pé, "Àwọn èrò ní ebi ń pa wọ́n o!"

Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Ìdánwò. Lójú ayé, eyín ló ń tọ́jú, tó bá sì ti yọ eyín ẹnì kan tán, á sáré wá dán ọkọ mi wò kí ẹlòmíràn tó jókòó. Ohùn rẹ̀ máa ń jáde látinú ẹ̀rọ tó wà lórí tábìlì. Ó mọ ọmọ wa dáadáa nígbà tí ọmọ náà wà níbẹ̀. Òun ló gbà pé òun á máa pa ẹ́ńjìnnì kan mọ́ ọkọ mi lọ́wọ́ láìsọ èyí tó jẹ́ tàbí ìgbà tó máa jẹ́, òun á sì máa tọ́jú àkọsílẹ̀ gbogbo rẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ìwé oyè dé. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọmọ wa, tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn. Kápútẹ́nì méjì, ọ̀kan ti kú, èkejì kò kúrò ní yàrá rí.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ló bẹ̀rẹ̀. Bàálù gbéra, ẹ́ńjìnnì kú, ọwọ́ ọkọ mi sáré, bàálù já. Ó kọ ọ́ sínú ìwé: ọ̀kan. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ó fa èyí tí kò yẹ, ó já. Lọ́jọ́ kẹta, ó fa èyí tó yẹ, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù, ó já. Bí ọmọ wa ṣe sáré nínú àbọ̀ yẹn lòun náà ń sáré. Mẹ́wàá. Ogún. Ẹ gbọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dunnú. Ìyá tí bàálù pa ọmọ rẹ̀, tó wá ń dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ife omi, tó ń gbàdúrà pé kí bàálù já! Tí ojú kọ̀ǹpútà bá ti pọ́n, tí gbogbo rẹ̀ bá dákẹ́, màá ní, "Ó tún já?" Á ní, "Ó tún já." Màá gbé omi fún un. A ń jẹun dáadáa nígbà yẹn. A ti ní mọ́kàndínlógójì, oṣù mẹ́fà sì ku ọ̀sẹ̀ méjì.

Lọ́jọ́ tó yẹ kó pé ogójì, aládùúgbò wa kan wá bẹ̀ ẹ́ ní kùtùkùtù pé ibi tí òun ń ki wáyà fíríìjì bọ̀ lára ògiri ti jóná. Ó lọ, ó tún un ṣe, ó pẹ́ níbẹ̀. Ìgbà tó máa fi dé, Ọ̀gá Ìdánwò ti ń dúró. Kò fọwọ́. Píláyà ṣì wà nínú àpò àyà rẹ̀ nígbà tó jókòó.

Bàálù gbéra. Ẹ́ńjìnnì kan kú, imú bàálù yà, iná pupa ń ṣẹ́jú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lọ́kàn bí mo ṣe máa ń ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ fò sáàárín ọ̀pá méjèèjì. Ó dúró. Ó gbé ìka lé ọ̀kan.

"Ọ̀tún," ló wí, ní ohùn tó fi ń pe wáyà gan-an. Ó dákẹ́. Ó wo iná tó wà níwájú rẹ̀. Ó fà á.

Bàálù mì, ó sì tọ́. Díẹ̀díẹ̀ ló ń gòkè. Ó yí i po, ó darí rẹ̀ padà síbi tó ti gbéra. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi: ẹ jẹ́ kó já, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó já. N kò lè sọ ọ́. Táyà kan ilẹ̀, ó sá lọ díẹ̀, ó dúró.

Méje ni mo kà kó tó fà á. Ó ku méjì kó pé mẹ́sàn-án.

"Bàbá!" Ohùn Ọ̀gá Ìdánwò gba yàrá kan. "Ẹ ti gbé e balẹ̀! Ẹ kú oríire o! Mo ti tọ́jú èyí, ó dára gan-an." Ìkíni àwọn yòókù náà ń wọlé sójú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan lé ọ̀kan. Ẹ kú oríire, Kápútẹ́nì. Ẹ kú oríire.

"Pa á rẹ́," ni ọkọ mi wí.

"Ẹ ní kí ni, sà?"

"Mo ní kó o pa á rẹ́, ọmọ mi."

Mo padà sí ilé ìdáná, mo da omi náà nù. Ó pẹ́ kó tó wá bá mi níbẹ̀, tó jókòó, tó gbé píláyà sórí tábìlì oúnjẹ.

"Mo kọ́ ọmọ náà," ló wí. "Àbí n kò kọ́ ọ?"

"Ẹ kọ́ ọ."

Inú bí mi sí ọmọ mi lọ́jọ́ náà. N kò bínú sí i rí láti ọjọ́ tó ti kú. Mo fẹ́ dì í lápá mú, kí n gbá a létí, kí n bi í pé, ṣé ọ̀rọ̀ ẹyọ kan náà ló wúwo lẹ́nu ẹ? Bàbá ẹ kò sọ fún ẹ ni? Lẹ́yìn náà ni mo sunkún, ọkọ mi ń wò mí, kò sì ní kí n dákẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó pè mí wọ yàrá. Kò pè mí rí, èmi ni mo máa ń yọjú. Ó ní, "Wá dúró síbí. Wò ó dáadáa."

Ó gbéra. Ẹ́ńjìnnì ọ̀tún ló tún kú, mo rí i, òun náà rí i. Ó di ètè rẹ̀ méjèèjì pọ̀ bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ fún lóògùn. Ó gbé ọwọ́ lé ọ̀pá òsì, kò pe orúkọ nǹkan kan, ó fà á. Ilẹ̀ ń bọ̀. Kò gbé ojú kúrò níbẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ fi pọ́n.

"Ṣé o rí i?" ló bi mí, láìyíjú.

"Mo rí i."

"Kò sẹ́ni tó lè gbé e balẹ̀."

"Kò sí, baálé mi."

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi tẹ̀wé ní ọ́fíìsì kí n tó fẹ̀yìntì, nítorí náà èmi ni mo tẹ lẹ́tà wa. "Ogójì ìgbà ni mo gbìyànjú rẹ̀. Ogójì ìgbà ló já." Mo ti tẹ irọ́ ọ̀gá tó pọ̀ láyé mi. Èyí ni irọ́ tèmi àkọ́kọ́, mo sì tẹ̀ ẹ́ láìṣe àṣìṣe kankan. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ọkọ mi fọwọ́ sí i, mo fi í ránṣẹ́, ó sì ti yàrá náà pa. Wọn kò tíì dá wa lóhùn.

Ó ṣì ń tún iná ṣe, fún wa àti fún àwọn aládùúgbò. Ṣùgbọ́n kì í pe orúkọ wáyà mọ́. Á kàn ki píláyà bọ̀ ọ́ láìfọhùn, á gé e. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, ẹ̀rù bà mí pé iná á gbé e.

Ní báyìí, tí mo bá ti rí i tó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, màá yọ́ jáde lọ síbi ṣíwíìṣì àgbà lára ògiri ìta. Màá gbé ọwọ́ lé e. Màá ní, "Gbogbo ilé." Màá dákẹ́ díẹ̀, kí n tó fà á wálẹ̀.

Látinú ilé, á ké sí mi: "Iná ti lọ?"

"Wọ́n ti mú un lọ."

Ó mọ̀ pé irọ́ ni. Á ní, "Ó dáa," màá sì máa gbọ́ ìró píláyà rẹ̀.