Tẹ́sítà Tí Àmúsà Lọ Rà ní Ìkòtún

Ẹ̀yin ènìyàn mi tí ìwé yìí tẹ̀ lọ́wọ́, àlàáfíà kí ó máa bá yín gbé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá tó fún wa ní iṣẹ́ tí à ń ṣe, tó sì fún wa ní ọwọ́ tí a fi ń ṣe é. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Ìkòtún, sí ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń ta irinṣẹ́ fún àwọn rìwáyà, àwọn tó ń tún wáyà iná ọkọ̀ ṣe.

"Èwo nínú wọn ló ń ké?" Àmúsà, àgbà rìwáyà kan láti Egan, ló béèrè bẹ́ẹ̀.

Sódìq, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù, ti to tẹ́sítà mẹ́rin, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń dán iná inú wáyà wò, síwájú rẹ̀ lórí tábìlì. Ọ̀kan jẹ́ gílóòbù kékeré tó ní wáyà méjì, irú èyí tí Àmúsà ti ń lò láti ọgbọ̀n ọdún. Òmíràn dà bí súkúdíráfà, iná pupa sì ń tàn lórí rẹ̀. Mítà ni méjì tó kù, wọ́n ní ojú tí nọ́ńbà ń yọ lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn tún ní ẹnu bíi ti akàn tó fi ń gbá wáyà mú.

"Mítà méjèèjì ń ké, Bàbá," ni Sódìq wí. "Ṣùgbọ́n tó bá ké, ó kàn ń sọ pé wáyà ò já ni. Iye iná tó wà nínú ẹ̀, ojú lẹ máa fi kà á."

Àmúsà ní ta ni yóò wá kọ́ òun ní mítà ní ọjọ́ orí òun yìí. Sódìq rẹ́rìn-ín, ó sì bẹ̀bẹ̀, nítorí láti Igando dé Ayọ̀bọ̀, kò sí rìwáyà tí kò mọ Ọ̀gá Àmúsà ti Egan.

Ohun tó gbé Àmúsà dé Ìkòtún ni ọkọ̀ Ìyá Miriam. Kíndìnrín ọkọ obìnrin yìí ti daṣẹ́ sílẹ̀, ọkọ̀ náà ló sì fi ń gbé e lọ sí ọsibítù lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kí wọ́n lè bá a fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọkọ̀ kọ̀, kò ṣíná. Àmúsà ki orí bọ abẹ́ dáàṣíbọ́ọ̀dù, ó fi ẹnu gílóòbù rẹ̀ kan wáyà kan, ọpọlọ ọkọ̀ sì jóná. Ọpọlọ ọkọ̀ ni àpótí pẹlẹbẹ tó ń darí ẹ́ńjìnnì, bí ó bá ti jóná, ọkọ̀ di òkú nìyẹn.

Gbogbo àwọn tó wà ní ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà ló dá gílóòbù lẹ́bi. Wọ́n ní iná tí gílóòbù máa ń fà pọ̀ ju èyí tí wáyà ọpọlọ lè gbà lọ, pé mítà ni wọ́n ń lò fún ọkọ̀ ayé ìsinsìnyí. Àmúsà dorí kodò, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, tẹ́sítà ló da òun. Ọjọ́ mẹ́rin ni Ìyá Miriam fi wá ọpọlọ mìíràn kiri, ẹyọ kan ṣoṣo ló sì rí. Ìrọ̀lẹ́ òní ni yóò gbé e wá sí Egan kí Àmúsà lè so ó, nítorí ọ̀la ni ọjọ́ ọsibítù. Bí èyí náà bá jóná, kò sí òmíràn.

Sódìq ti ẹnu mítà kékeré mọ́ bátìrì kan tó wà nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó sì gbé ojú mítà náà sí Àmúsà. "Ẹ bá mi kà á, Bàbá, kí ẹ lè mọ̀ pé ó ń sọ òótọ́."

"Méjìlá ààbọ̀," ni Àmúsà wí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. "Bátìrì dáadáa ni."

Sódìq ní kí Bàbá tún un wò. Àmúsà gbé mítà náà títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú rẹ̀, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó sì tún ní méjìlá ààbọ̀ ni.

"Mẹ́jọ ni, Bàbá," ni Sódìq wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Bátìrì yìí ti kú tipẹ́. Òun la fi ń dán mítà wò níbí."

Àmúsà gbé mítà náà lélẹ̀ bí ẹni tó ń gbé ẹyin. Ó béèrè pé èló ni èyí tó ní ẹnu akàn, bóyá nọ́ńbà tirẹ̀ tóbi.

"Bàbá, mi ò lè ta ìkankan fún yín lónìí."

"Ṣé owó mi ò dára ni?"

"Owó yín dára, Bàbá. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí mò ń tà níbí tí kì í ṣe ojú la fi ń lò ó."

Àmúsà wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá padà sí Egan. Ó ní mítà kan nílé, ẹ̀yin ará. Kò sí ohun tó ṣe é. Láti bí ọdún kan ni ó ti ń sọ fún àwọn ènìyàn pé ó ti bàjẹ́, nítorí nọ́ńbà inú rẹ̀ ti di bí èèrà tó ń rìn lójú rẹ̀. Iná gílóòbù ló ṣì ń rí, ìdí nìyẹn tó fi rọ̀ mọ́ gílóòbù. Òun fúnra rẹ̀ ló sì ti ń kọ́ àwọn mìíràn láti ọjọ́ pípẹ́ wá pé gílóòbù kò gbọdọ̀ kan wáyà ọpọlọ. Kò gbàgbé òfin náà lọ́jọ́ yẹn. Wáyà ibi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, èyí tí gílóòbù lè kàn, ló rò pé òun dì mú, àṣé wáyà ọpọlọ ni. Àwọ̀ méjèèjì ti di ọ̀kan lójú rẹ̀.

Dókítà ti sọ fún un pé iṣan ojú rẹ̀ ló ń kú, pé èyí tó ti lọ kò ní padà mọ́. Ó ká ìwé tí dókítà fún un, ó ki í bọ abẹ́ aṣọ iléyá rẹ̀, Sìdíkátù ìyàwó rẹ̀ kò sì mọ̀ di òní.

Nínú kẹ̀kẹ́ náà, ó ń ro ó pé ìka òun mọ ọ̀nà gbogbo wáyà inú ọkọ̀ yẹn. Bóyá kí òun rọra fọwọ́ wá a. Bóyá Ọlọ́run yóò bo òun láṣìírí lẹ́ẹ̀kan sí i. Ṣùgbọ́n ìka kò mọ àwọ̀.

Ìyá Miriam ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ibi iṣẹ́ nígbà tí Àmúsà dé, ó fi táwẹ́ẹ̀lì wé ọpọlọ ọkọ̀ náà sórí itan bí ọmọ tuntun. Ó kí i káàbọ̀, ó béèrè bóyá ó rí tẹ́sítà rà. Ó ní òun ti bá obìnrin kan jà nítorí rẹ̀ láàárọ̀, ẹni tó ní Àmúsà ti di arúgbó. Òun ní irinṣẹ́ burúkú ni, pé ọwọ́ Bàbá Fàtíà, bí ó ṣe máa ń pe Àmúsà, kì í ba nǹkan jẹ́. Ó sì dìde, ó na àpótí náà sí i.

Àmúsà kò na ọwọ́.

"Ẹ má tíì gbé e fún mi," ó ní. "Tẹ́sítà ò ṣe nǹkan kan. Ojú mi ni."

Obìnrin náà wò ó. "Láti ìgbà wo?"

"Láti ààwẹ̀ èṣí."

"Ẹ mọ̀, ẹ sì fọwọ́ kan ọkọ̀ mi."

"Mo mọ̀."

Ìyá Miriam tún jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ, láìwo ojú rẹ̀, bí wọ́n ṣe fi kẹ̀kẹ́ gbé ọkọ òun lọ sí ọsibítù ní ọjọ́ kejì tí ọpọlọ ọkọ̀ jóná, bí ó ṣe ń bì sí òun lára ní gbogbo ọ̀nà, àti bí ó ṣe bẹ òun nígbà tí wọ́n délé pé kí òun jẹ́ kí ó kú sórí ibùsùn rẹ̀. Kò pariwo. Ì bá sàn fún Àmúsà ká ní ó pariwo. Ó dúró níbẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún.

"Sheriff ló máa so ó," ó wí nígbà tó yá. "Èmi fúnra mi ni n ó mú yín lọ."

"Sheriff òdìkejì títì yìí? Rìwáyà tí ẹ ní kò mọ̀ ju kó máa tẹ bọ́tìnnì mítà bí ọmọdé tó ń ta géèmù?"

"Òun náà ni. Mo purọ́ mọ́ ọn. Ó mọ iṣẹ́, ó sì ń ríran."

Wọ́n jọ jáde. Gọ́tà fẹ̀ níwájú ibi iṣẹ́ náà, pákó kan ṣoṣo ló sì wà lórí rẹ̀. Àmúsà dúró létí rẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ wá pákó, ó wá a sápá ọ̀tún, kò rí i. Àwọn mẹkáníìkì dá iṣẹ́ dúró, wọ́n ń wò ó. Ìyá Miriam rí ẹsẹ̀ náà. Inú ṣì ń bí i, ó hàn lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbé àpótí náà sí abíyá òsì, ó sì na apá ọ̀tún sí i.

Àmúsà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú òun lọ́wọ́ rìn láàárín ìgboro rí. Ó di apá náà mú. Wọ́n rọra gba orí pákó kọjá, ẹsẹ̀ kan tẹ̀lé èkejì, títí wọ́n fi dé òdìkejì títì.

Sheriff rí wọn, ó nu ọwọ́, ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Ọ̀gá."

Àmúsà yíjú sí ibi tí ohùn ti wá. "Sheriff," ó ní, "mo mú iṣẹ́ wá fún ọ."

Ẹ̀yin tí ẹ ka ìtàn yìí, kí Olúwa pa ìmọ́lẹ̀ ojú yín mọ́. Ní ọjọ́ tí agbára yín bá dínkù, kí ó má jẹ́ kí òtítọ́ wúwo jù fún ahọ́n yín, kí ẹ má sì ṣe aláìrí apá tí ẹ ó dì mú. Àmín.